Obìnrin Tó Fẹ́ Rí Ọ̀nà

Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ kankan ní erékùṣù Hannet, lẹ́bàá Newfoundland ní Kánádà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ló wà níbẹ̀, láti èbúté dé ilé ìjọsìn, láti ilé ìjọsìn dé itẹ́ òkú, ó tán. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Drusilla Feltham sí, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ló bí Renee, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, kí Renee tó fò lọ sí Alberta lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Títí irun Drusilla fi funfun, kò sí ibi tó fẹ́ lọ láyé tí kò ní kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ òkun. Bí òkun bá ní rárá, ó di ọjọ́ mìíràn.

Nígbà tó wà lọ́mọdé, àìsàn kan kọlù ú, wọ́n gbé e la omi kọjá, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù ní Gander. Ohun tó rántí nínú ìrìn àjò náà kì í ṣe abẹ́rẹ́, kì í ṣe dókítà. Ọ̀nà ló rántí. Ó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń wo bí ọ̀nà ṣe ń sá lọ lẹ́yìn wọn láàárín igbó, tí kò sì tán. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà ti wọ̀ ọ́ lára. Bó bá rí àwòrán ilé àfàkiri nínú ìwé ìròyìn, àwọn ilé kéékèèké onítáyà tí àwọn èèyàn máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn lọ pàgọ́ létí adágún, yóò gé e, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Hezekiah ọkọ rẹ̀ a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Dru, ilé tó ń rìn kiri yẹn, ìgbín ló yẹ wọ́n kọ́ ọ fún."

"Ìgbín mọ ibi tó ń lọ jù ọ́ lọ."

"Èmi? Èmi ò lọ síbì kan kan. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọnù."

Ọ̀gá ọkọ̀ ìpẹja ni Hez. Òun àti Absalom Burry, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ń fi ìdí wọ́ nílẹ̀, ni wọ́n jọ ń pẹja nínú ọkọ̀ kan náà, títí ìjọba fi ní kí ẹnikẹ́ni má pa ẹja kọ́ọ̀dù mọ́ nítorí pé ó ti ń tán nínú òkun. Wọ́n yí sí alákàn pípa, wọ́n ṣì jọ wà nínú ọkọ̀ náà. Bí Hez bá wà lórí ilẹ̀, ńṣe ló máa ń rìn bí ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti wọ inú ọkọ̀, ara rẹ̀ a balẹ̀ bíi ti ológbò tó jókòó ti iná. Drusilla fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kò kàn fẹ́ràn erékùṣù náà ni, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ tì, nítorí pé kò sí ọmọ mọ́. Ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n ṣíwọ́ wíwá. Ìjọba wá ní bí àwọn ará erékùṣù bá dìbò pé àwọn fẹ́ kó kúrò, wọ́n á fún ilé kọ̀ọ̀kan ní owó tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ ayé níbòmíràn. Lẹ́yìn náà wọ́n á pa iná mànàmáná, ọkọ̀ èrò kò sì ní wá mọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò, àwọn tó fẹ́ lọ kò pọ̀ tó. Inú Hez dùn, ó yin ìbọn sókè. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìjọba tún ní kí wọ́n dìbò.

Hez ń wọ ojúlé kan bọ́ sí òmíràn. "Ta ni nínú yín ló fẹ́ fi ibojì bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹyẹ òkun?" Gbogbo wọn ní, "Àwa kọ́ o, Hez. Lọ fọkàn balẹ̀." Wọ́n a wá sí ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n a jókòó sí kíṣìnnì, Drusilla a fún wọn ní tíì àti búrẹ́dì, wọ́n a máa búra lọ́kọ̀ọ̀kan. Drusilla kò búra. Kò sẹ́ni tó ní kó búra. Ta ni í bi ìyàwó Hez léèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ ìbò pé. Gbọ̀ngàn ilé ìjọsìn ni wọ́n ti dì í, wọ́n ta aṣọ sí igun kan. Drusilla wọ ẹ̀yìn aṣọ náà, ó mú bírò, ó sì rò ó pé òun yóò ronú díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró de ọkàn rẹ̀. Ó ti fàlà síbi "Bẹ́ẹ̀ ni" kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tó jáde, Hez ló di kóòtù rẹ̀ mú fún un.

"Ó ti parí?"

"Ó ti parí."

Ìbò náà wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tí ìjọba rán wá sọ pé iye tí òfin béèrè ti pé, ó sì fi mọ síbẹ̀. Kò sọ iye àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ iye àwọn tó kọ̀. Hez bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àwọn aládùúgbò rẹ̀ bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Ìgbà tó wá gbọ́ pé Absalom ti ń tẹ ìlú Lewisporte láago ní òdìkejì omi, pé ó ń béèrè ilé tó ṣófo, kódà kí ìbò tó wáyé, ara rẹ̀ gbóná. Ó ránṣẹ́ pè é wá sí kíṣìnnì.

"Ìwọ ni, Absalom."

"Hez, èmi kọ́."

"Ta ló ń pe Lewisporte?"

Absalom la ẹnu, ó pa á dé. Èèyàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. "Mo ní èmi kọ́. Mo fi ibojì màmá mi búra."

"Màmá rẹ tí o ta ibojì rẹ̀?"

Absalom dìde. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Drusilla wà nídìí sítóòfù, kẹ́tù ń hó níwájú rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó rò ó pé bó bá di ọ̀la, ọ̀rọ̀ náà yóò rọ̀. Kò rọ̀. Láti ìgbà náà lọ, àwọn ọkùnrin méjèèjì kò kí ara wọn mọ́.

Ìgbà tí ewé ń wọ́ ni wọ́n kó kúrò. Hez kan pákó mọ́ gbogbo fèrèsé, ó ń kàn án pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń bo ojú òkú. Wọ́n gba ilé kékeré kan ní Lewisporte. Àwọn Burry náà gba tiwọn ní àdúgbò kan náà, àfi bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Bí Hez bá rí Absalom lókèèrè, yóò sọdá sí òdìkejì títì.

Drusilla ní tirẹ̀ lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ọmọbìnrin kan tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń kọ́ ọ. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ń wa ọkọ̀ bí ẹni pé ìgbì ń bọ̀." Ó já nínú ìdánwò, ó tún padà lọ, ó yege. Ó ra píkọ́ọ̀pù àlòkù kan. Kí yìnyín tó yọ́ tán lórí ilẹ̀, ó tún ra ilé àfàkiri kékeré kan lọ́wọ́ ọkùnrin tí aya rẹ̀ ti kú. Bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan tí wọ́n lè ká, sítóòfù gáàsì olójú méjì, àti òórùn ajá tí kò lọ títí di òní. Drusilla dúró sáàárín rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó kan ògiri lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Pósí onífèrèsé nìyí," ni Hez wí. Ṣùgbọ́n ó wọlé.

Ní ìsinmi oṣù Karùn-ún, gbogbo ará Newfoundland ló máa ń so ilé àfàkiri wọn mọ́ ọkọ̀, tí wọ́n a lọ pàgọ́ sínú àwọn kòtò ńláńlá tí wọ́n ti wa òkúta ìṣọ̀nà lẹ́bàá títì, níbi tí adágún bá wà tí wọ́n lè dẹ ẹja sí. Òjò lè rọ̀, yìnyín lè bọ́, kò kàn wọ́n. Ibẹ̀ ni Drusilla kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Hez jókòó ti í níwájú, ó di ilẹ̀kùn mú.

"Dín eré kù. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ níwájú."

"Títì ni, Hez. Ọkọ̀ ló ń gba ibẹ̀."

"Ó ń bọ̀ wá bá wa tààrà!"

"Ó ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, a ní tiwa."

"Ta ló sọ fún un?"

Nígbà tí wọ́n dé kòtò náà, òjò ti ń rọ̀. Àwọn èèyàn ti kún ibẹ̀, èéfín ń rú níwájú ilé àfàkiri kọ̀ọ̀kan. Drusilla ní láti fi ẹ̀yìn rìn wọ àyè tó kù. Bó bá yí sítíárìn sọ́tùn-ún, ilé àfàkiri a lọ sósì. Bó bá yí i sósì, a fẹ́ kọlu igi. Àwọn ọkùnrin jáde, wọ́n mú bíà lọ́wọ́, oníkálukú ń pàṣẹ tirẹ̀. "Fà á sọ́tùn-ún, àǹtí! Ọ̀tún kejì!" Ojú ti Drusilla, omi ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ìgbà náà ni Hez sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn lọ sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ kan sókè gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń gbé e bí wọ́n bá ń fi ọkọ̀ wọ èbúté nínú afẹ́fẹ́. Kò sọ̀rọ̀. Ó ń fi ìka pè é, díẹ̀, díẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó tún pè é. Drusilla gbójú lé ọwọ́ náà nínú dígí, ó sì fi ilé àfàkiri jókòó síbi tó yẹ kó jókòó. Àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́. "Kápútéènì rèé o!" Hez rẹ́rìn-ín. Drusilla din ìyẹ̀fun tó ti pò nínú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, ó da oyin dúdú ìrèké lé e, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹja odò, òjò ń lu orí páànù. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun gbogbo yóò dára.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n mú ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn pọ̀n. Drusilla ń wakọ̀ lọ láàárín igbó, lórí òkè, lẹ́bàá adágún lóríṣiríṣi, ara rẹ̀ ń yá gágá. Bí ilẹ̀ bá sì fẹ́ ṣú tí wọ́n bá dúró, Hez a sọ̀ kalẹ̀, a gbé imú sókè. "Apá ibo ni òkun wà láti ibí yìí?" Drusilla a nawọ́. Hez a gbé àga rẹ̀ kọjú síbẹ̀, a jókòó, a máa wo igi. Bí àwọn tó pàgọ́ sí ìtòsí bá wá kí wọn, bí wọ́n bá béèrè ibi tí wọ́n ti wá, Hez a ní, "Ibì kan tí wọ́n dìbò pa."

Wọ́n wà nítòsí Deer Lake lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí fóònù Drusilla dún. Melvina, ìyàwó Absalom, ni. Ohùn rẹ̀ gbẹ.

"Dru, Absalom wà ní ọsibítù. Ẹ̀dọ̀fóró ni. Ó ń béèrè Hez."

Drusilla wọlé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Hez ń gé àlùbọ́sà lórí tábìlì, kò gbójú sókè.

"Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún un?"

"Ó ń kú lọ, Hez."

"Ilé tiwa náà kú. Kò wá bá mi kẹ́dùn."

"Jẹ́ ká yí padà. Jọ̀ọ́."

"Bó bá fẹ́ rí mi, kó jẹ́wọ́. Kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ."

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà nínú àpò Drusilla. Hez kò mọ ọkọ̀ wà. Bí Drusilla bá bọ́ síwájú, tó ṣáná sí ọkọ̀, tó kọrí sílé, kí ni Hez ì bá ṣe? Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi àtàǹpàkò ra kọ́kọ́rọ́ náà. Ó ń rí kíṣìnnì ọjọ́sí, ó ń rí fìlà Absalom. Ó mọ̀ pé bí àwọn ọkùnrin méjèèjì bá tún fojú kan ara wọn, Absalom yóò tún búra, òun fúnra rẹ̀ yóò sì ní láti sọ̀rọ̀. Ó wo ìta. "Òjò ń bọ̀," ló wí. "Ká dúró dọ̀la." Hez padà sídìí àlùbọ́sà rẹ̀. Wọ́n dúró dọ̀la, wọ́n tún dúró di ọ̀túnla. Nígbà tí Melvina tún pè, kò béèrè Hez mọ́. Ó kàn sọ ọjọ́ ìsìnkú.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wọ Lewisporte ní ọjọ́ ìsìnkú Absalom Burry pẹ̀lú ilé àfàkiri lẹ́yìn wọn, tí ẹrẹ̀ bò ó dé fèrèsé. Àkókò kò tó láti kọ́kọ́ gbé e délé, wọ́n gbé e síwájú gbọ̀ngàn ilé ìjọsìn níṣojú gbogbo èèyàn. Hez wọ kóòtù dúdú rẹ̀ nínú ilé àfàkiri náà, ó tẹríba kó má baà fi orí gbá àjà. Nínú ilé ìjọsìn, ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí. Kò sunkún. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sin òkú tán, wọ́n padà sí gbọ̀ngàn, àwọn obìnrin ń bu tíì. Hez rìn lọ bá Melvina, ó na ọwọ́ sí i.

"Melvina, mo bá ọ kẹ́dùn. Bó ti wù kó rí, ọ̀rẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀."

"Bó ti wù kó rí?" Melvina kò gba ọwọ́ náà. "Kí ló ń jẹ́ bó ti wù kó rí?"

"Ohun tó ṣe sí wa—"

"Kí ló ṣe sí ẹ, Hezekiah Feltham?" Kò pariwo, ṣùgbọ́n àwọn tó ń mu tíì dákẹ́. "Absalom kọ̀. Absalom fàlà síbi 'Rárá' bíi tìrẹ. Ọkọ mi ì bá jẹrà mọ́ orí àpáta yẹn pẹ̀lú rẹ ni. Èmi ni mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi! Èmi ni mo ń béèrè ilé. Òun ló kàn ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nítorí etí mi ò gbọ́ dáadáa. O fẹ́ kó jẹ́wọ́. Kí ni kó jẹ́wọ́? Kó ta ìyàwó rẹ̀ fún ọ nínú kíṣìnnì?"

Hez fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Kí ló dé tí kò sọ?"

"Ó ní inú á bí ẹ sí mi. Ó ní jẹ́ kí inú bí ẹ sí òun, pé ẹ̀yin méjèèjì á rẹ́. Ó ń retí ẹ títí ẹ̀mí fi bọ́." Ó nu imú rẹ̀. "Má sì wò mí bí èmi nìkan ni mo pa ìlú. Bi àwọn obìnrin tó kù. Bi ìyàwó tìẹ. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó jáde lẹ́yìn aṣọ. Mo mọ ojú yẹn, torí irú rẹ̀ ni mo gbé jáde."

Hez yíjú padà. Drusilla dúró sídìí tábìlì, ó mú ife méjì lọ́wọ́, tirẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀. Hez kò bi í léèrè. Ó kàn ń wò ó.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Drusilla wí.

Nínú ilé àfàkiri ni wọ́n ti jókòó kojú ara wọn lẹ́yìn náà, tábìlì tí wọ́n lè ká náà láàárín wọn. Òjò ti dé. Àwọn èèyàn ń jáde nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ń yọjú wo fèrèsé, wọ́n ń gbé ojú kúrò.

"O dúró síbẹ̀," ni Hez wí nígbẹ̀yìn. "Mo ń bú u, o dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tù."

"Mo dúró síbẹ̀."

"Nítorí kí ni, Dru? Ṣé o ṣàìsàn ni? Ṣé mo fìyà jẹ ọ́ ni?"

Drusilla wá ìdí tó tóbi tó nǹkan tó ti bàjẹ́, kò rí i. "Mo fẹ́ rí ọ̀nà," ló wí. "Mo kàn fẹ́ rí ọ̀nà ni."

Hez mi orí, ó mi orí, bí ẹni tó ń gbọ́ iye tí wọ́n pe ọjà. "Ó dáa," ló wí. "O ti rí i."

Kò lù ú, kò bú u, kò kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ì bá sàn fún Drusilla bó bá ṣe ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n padà sílé, wọ́n sì ń bá ayé lọ. Hez a máa ní, "Tíì ti tutù," a máa ní, "Afẹ́fẹ́ ti yí padà." Bí wọ́n bá ti sọ ti tíì àti ti afẹ́fẹ́ tán, ó tán nìyẹn. Ó ń lọ sílé Melvina láti gé igi ìdáná fún un. Melvina kì í ní kó wọlé, kì í sì í ní kó má gé e. Nígbà tí Renee pè láti Alberta, tó bi ìyá rẹ̀ pé kí ló ṣe bàbá òun, Drusilla ní òtútù ni.

Nígbà tí yìnyín yọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Hez ra ọkọ̀ ojú omi kékeré kan. Ó ní òun fẹ́ lọ ṣí fèrèsé ilé, kí afẹ́fẹ́ lè wọ ibẹ̀. Àwọn mìíràn náà máa ń padà lọ gbé inú ilé wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láìsí iná, láìsí omi ẹ̀rọ, ìjọba kì í dá wọn lẹ́kun. Drusilla bi í bóyá kí òun bá a lọ. Hez ní, "Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Èyí ló dùn ún jù.

Drusilla ló fi píkọ́ọ̀pù gbé e lọ sí èbúté, ilé àfàkiri lẹ́yìn wọn, nítorí pé òun náà ní òun yóò lọ sí kòtò fún ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n jọ kó àpótí oúnjẹ, epo àti fìtílà sínú ọkọ̀ ojú omi. Drusilla gbé búrẹ́dì tó ṣe lánàá fún un nínú aṣọ.

"Ṣọ́ra lórí títì," ni Hez wí.

"Ìwọ náà, ṣọ́ra lójú omi."

Ó tan ẹ́ńjìnì. Ara rẹ̀ balẹ̀ bó ṣe jókòó síbi ìtukọ̀, Drusilla rí i. Kùrukùru wà lórí omi, kò pẹ́ tó fi gbé e mì, ó ku ìró ẹ́ńjìnì. Nígbà tí ìyẹn náà lọ, ó padà sínú píkọ́ọ̀pù.

Kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi, kò sí ẹnì kankan nínú kòtò nígbà tó dé ibẹ̀, àyè pọ̀ lọ súà. Ó wọlé tààrà, kò ní láti fi ẹ̀yìn rìn. Ó tan sítóòfù, ó gbé omi tíì kaná, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé àfàkiri pẹ̀lú súwẹ́tà lọ́rùn. Ọkọ̀ ń kọjá lórí títì lókè, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Ó ń gbọ́ wọn. Nígbà tí omi hó, ó bu ife kan, ó mu ún títí ó fi tán, ó sì wọlé lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.